Máṣíìnì Mórẹ́nikẹ́ àti Ìkíni Tí Mo Kí Ìyá Rẹ̀

Iṣẹ́ méjì ni mo ṣe láyé mi. Èkíní ni títún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Ọ̀gá ló kọ́ mi ní ìyẹn, wọ́n sì fi ìyà díẹ̀ kún un. Èkejì ni títọ́jú ìyàwó mi nígbà tí àìsàn tí kò gbóògùn dá a dúbúlẹ̀ nínú yàrá wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ìyẹn ò ní ọ̀gá, kò sì sẹ́ni tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún mi lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n kọ nípa èkíní, torí ẹ ṣì ń rò ó wò irú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́. Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́ lọ́tọ̀, kò ṣeé ṣe. Ohun tí mo kọ́ nínú ọ̀kan ni mo fi ṣe ìkejì, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ méjèèjì pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ irú ẹni tí mo jẹ́. Láti kékeré ni mi ò ti lè wo ojú èèyàn pẹ́. Ariwo máa ń dùn mí lára, bí ẹni pé wọ́n ń fi nǹkan gún mi. Bí ẹnì kan bá ṣàdédé fọwọ́ kàn mí, ó di kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n tó lè mí dáadáa. Bí wọ́n bá sì bi mí ní ọ̀rọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni mo máa sọ. Ìyá mi ní bí orí mi ṣe rí nìyẹn. Bàbá mi ní ìgbéraga ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni Fúnmi ọmọ mi, tó ń ṣe tíṣà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tiwọn, mú mi lọ bá dókítà kan. Dókítà bi mí ní oríṣiríṣi nǹkan, ó ní ọ́tísímù lorúkọ rẹ̀, pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, pé kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe èpè. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn ládùúgbò wa. “Ère” ni wọ́n ń pè mí.

Dópẹ̀mú ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ládélé. Àbúrò bàbá mi ló mú mi lọ, wọ́n gbà mí, ó parí. Ti owó, ẹ má wulẹ̀ bi mí. A jẹun, a ò yó jù. Iṣẹ́ gan-an ni kí n sọ fún yín. Ọ̀gá ò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan mú síkúrúdíráfà kó tó fi etí gbọ́ máṣíìnì. Wọ́n á ní ká dijú, wọ́n á fọwọ́ yí àgbá máṣíìnì náà jẹ́jẹ́, wọ́n á wá bèèrè.

“Níbo ló ti ń dùn ún?”

“Ọ̀gá, nísàlẹ̀ ni.”

“Nísàlẹ̀ níbo? Ṣé gbogbo ìsàlẹ̀ ló ń dùn ún ni? Tẹ́tí jàre!”

Bí ẹ bá tún wá tú u, síkúrúù tí ẹ bá yọ, orí aṣọ funfun lẹ gbọ́dọ̀ tò ó sí, bó ṣe ń jáde ni kó ṣe wà nílẹ̀. Bí Ọ̀gá bá kọjá tí ọ̀kan sì kúrò láyè rẹ̀, wọ́n á gbọn gbogbo aṣọ náà dànù, wọ́n á ní kí o ṣa á, kí o dè é padà, kí o tún un tú. Àwọn ọmọṣẹ́ yòókù a máa sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní tèmi, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ibi tí ara ti tù mí láyé. Ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pariwo, etí mi tí ń yọ mí lẹ́nu láti kékeré wá di ohun èlò iṣẹ́.

Ìkíni ló fẹ́ẹ̀ lé mi kúrò níbẹ̀. Oníbàárà á wọlé, màá máa wò ó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá gbá mi létí lórí rẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. Ìyàwó Ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí, ló gbà mí sílẹ̀. Mọ̀mí ní, “Ọmọ yìí kì í ṣe agbéraga o. Kò mọ èyí tó máa mú nínú ìkíni ni.” Ni wọ́n bá pè mí sẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀wà.

“Ẹni tó jókòó ńkọ́?”

“Ẹ kú ìjókòó.”

“Ẹni tí òjò pa?”

“Ẹ kú òjò.”

“Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ?”

“Ẹ kú ewu ọmọ.”

“Ẹni tí èèyàn ẹ̀ kú?”

“Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù.”

Inú mi dùn gan-an. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a ti to ìkíni sílẹ̀ fún ohun gbogbo báyìí, bí àwọn sípánà tí Ọ̀gá gbé kọ́ ara ògiri. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí èèyàn, màá kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i, màá mú èyí tó bá a mu, màá sì kí i. Àwọn oníbàárà ní Ère ti ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, mo yá ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ibẹ̀ ni Mórẹ́nikẹ́ ti gbé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ wá bá mi. Aránṣọ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó ní okùn ń já ṣáá. Mo ní kó jókòó, kó wa máṣíìnì náà kí n gbọ́.

Mo ní, “Nǹkan kan ò ṣe é. Ẹsẹ̀ yín ló ń bínú.”

“Ta ló sọ fún yín pé mò ń bínú?”

“Máṣíìnì ni.”

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Òun àti onílé rẹ̀ ló ti jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láìsí pé nǹkan kan ṣe máṣíìnì, mo sì ń tẹ́tí sí i. A fẹ́ra. Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àwọn àna mi bí àṣà ṣe wí, títí kan àwọn tó ṣì ń mu ọmú, kò sẹ́ni tó rí mi bá wí lọ́jọ́ ìyàwó. Nínú ilé, Mórẹ́nikẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ fún aráyé. Bí ara bá ń ni mí, màá jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ láìfi okùn sí i, màá máa wà á. Bó bá gbọ́ bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń lọ sí, ó ti mọ ohun tó wà nínú mi. “Ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn,” ni yóò wí.

Lákòókò náà ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Máṣíìnì oníná tòkunbọ̀ ń wọlé, àwọn aránṣọ ń ta ẹlẹ́sẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mọ́tò inú rẹ̀ a máa han ju ohun yòókù lọ, kì í jẹ́ kí n gbọ́ ibi tó ń dùn ún. Mo ra ọ̀kan tó ti kú, mo tú u kanlẹ̀, mo sì ń tú u títí tó fi yé mi. Mo ní kí n sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rù pé irinṣẹ́ á fi yín sílẹ̀. Ó gba sùúrù ni, kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀ ni kókó yọ lọ́mú Mórẹ́nikẹ́. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó tún padà. Lọ́jọ́ kan láàárọ̀, dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe ju kí àwọn máa dín ìrora kù, pé oṣù díẹ̀ ló kù. Nínú takisí tí a ń bá bọ̀ nílé, Mórẹ́nikẹ́ bi mí pé kí ni dókítà sọ. Mo sọ ọ́ fún un bí dókítà ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí a dé àdúgbò wa, ó ní, “Bàbá Fúnmi, ẹ jẹ́ n wà nílé. Yàrá mi ni mo fẹ́ wà, ìró máṣíìnì yẹn ni mo fẹ́ máa gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ síbì kankan.”

Mo ṣèlérí fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú. Màmá ń ta gaàrí níbẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́ pé ara ọmọ wọn ò yá díẹ̀. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo rí wọn tí wọ́n ru ẹrù bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìkíni tó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Lójú tèmi, òfò ti ṣẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú yàrá dókítà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, mà.”

Ẹrù jábọ́ lórí Màmá. “Yéè! Mo gbé!” Wọ́n sáré wọlé, wọ́n ń lu àyà, gbogbo ayálégbé sì sáré tẹ̀lé wọn. Mórẹ́nikẹ́ ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ.

“Màámi, kí ló dé?”

Ìyá Fẹ́mi, ayálégbé tó sún mọ́ wa jù, ké lé mi lórí: “Ẹnu burúkú wo lẹ ní yìí, Bàbá Fúnmi?” Màmá yíjú sí mi. “Ṣé o ti ń retí ikú ọmọ mi ni?”

Mo ní rárá, mà, dókítà ló sọ pé oṣù díẹ̀ ló kù. Lójú gbogbo wọn ni mo sọ ọ́. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí: bó bá tiẹ̀ kù díẹ̀ kí aláìsàn mí èémí ìkẹyìn, “ara á yá” la máa ń wí. Bùọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n Mórẹ́nikẹ́, mọ̀ nípa jẹjẹrẹ náà tipẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé kókó lásán ni.

Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Bùọ̀dá Délé gbé mọ́tò wá. Aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wọ̀. Wọ́n ti tọ́jú yàrá fún Mórẹ́nikẹ́ ní ilé àdúrà wọn ní Ẹgàn. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Ó kó Màmá àti àwọn ẹbí jọ sí yàrá wa, ó ń nàka sí mi.

“Ẹni tó ti kí ìyá wa kú òfò sílẹ̀, ṣé ẹni tí èèyàn ń fi aláìsàn sílẹ̀ fún nìyẹn? Ó tiẹ̀ lẹ pátákó mọ́ ilẹ̀kùn, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìgbà tí àlejò lè wá! Ẹ wo ojú ẹ̀, ó gbẹ táútáú! Ọkọ wo nìyẹn?”

Òótọ́ ni nípa ṣọ́ọ̀kì. Bí èrò bá kún yàrá, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń sunkún, mi ò lè ṣe ìtọ́jú mọ́, ilé ìwẹ̀ ni mo máa ń sá lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bí ariwo bá pọ̀, ẹnu mi a máa tì. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ̀rọ̀ wọ́n á gbé e lọ.

Ó sì ti tó àsìkò tí mo máa ń wẹ ojú egbò tí jẹjẹrẹ náà dá sí apá òsì àyà rẹ̀. Mo dìde, mo gbé abọ́ omi iyọ̀ wá, mo tẹ́ aṣọ funfun, mo to gbogbo nǹkan sí i. Bùọ̀dá Délé ní, “Ẹ wò ó! À ń sọ̀rọ̀, ó ń gbé abọ́!” Ó kọjá mi, ó ní kí ẹnì kan bá òun dì í mú, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ àbúrò rẹ̀ láti gbé e. Mórẹ́nikẹ́ ké igbe kan tó mú kí gbogbo yàrá dákẹ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹnu mi là. “Kì í ṣe apá òsì. Ẹ má ti òsì gbé e.”

Bùọ̀dá Délé fà sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ sábẹ́ èjìká ọ̀tún Mórẹ́nikẹ́, mo dúró dìgbà tó mí síta, mo wá yí i. Kò kígbe. Mo tú aṣọ ojú egbò. Màmá kò tíì rí i rí. Wọ́n sún mọ́ wa, wọ́n ń wo ọwọ́ mi títí mo fi wẹ̀ ẹ́ tán, tí mo dì í.

Wọ́n ní, “Ta ló kọ́ ọ?”

“Ọ̀gá mi ní Dópẹ̀mú, mà.”

“Dókítà ni?”

“Rárá, mà. Máṣíìnì ni wọ́n ń tún ṣe.”

Mórẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, “Bùọ̀dá mi, ẹ máa gbàdúrà lọ́hùn-ún, èmi á máa ṣàmín níbí. Ẹ fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ ibi tó ń dùn mí.”

Màmá ò bojú wẹ̀yìn. “Délé, sọ fún onímọ́tò kó máa lọ.”

Màmá ò padà sí Ìjẹ̀bú. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí ẹnì kan bá àwọn ta gaàrí tó wà nílẹ̀, wọ́n dúró tì wá. Ṣùgbọ́n wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, torí ìkíni yẹn. Bí a bá jọ wà nínú yàrá kan náà, wọ́n á ní, “Mórẹ́nikẹ́, sọ fún ọkọ ẹ pé omi ti hó.” Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn. Èmi náà á ní, “Mórẹ́nikẹ́, sọ fún Màmá pé mo ti gbọ́.” Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Mórẹ́nikẹ́ kí àìsàn tó pa á.

Ìtọ́jú yẹn le fún mi. Òórùn egbò a máa bá mi wọ inú oúnjẹ, ẹkún a máa ró létí mi lẹ́yìn tí àwọn tó ń sun ún ti lọ. Mo ń fi òwú dí etí. Oògùn, omi, aṣọ, yíyí ara, mo to gbogbo rẹ̀ bíi síkúrúù Ọ̀gá, ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ ṣíwájú èkejì. Màmá gba ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ mi, àwọn ló ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Fúnmi, tó ṣì kéré nígbà náà, wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkòtún, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá. Bí ó bá sì ti wá sú mi pátápátá, màá jókòó sídìí máṣíìnì, màá wà á. “Ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, Màámi,” ni mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn mi.

Ohun tó ń dààmú Mórẹ́nikẹ́ ni bí mo ṣe máa ṣe nígbà tí èrò bá kún ilé nítorí tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, bí Mọ̀mí ṣe kọ́ mi nídìí ẹ̀wà.

“Wọ́n á ní, ‘Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù.’ Ẹ̀yin á ní?”

“Ẹ ṣeun. Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ san án.”

“Bí wọ́n bá dì mọ́ yín ńkọ́?”

“Màá sá.”

“Ẹ ò ní sá o! Ẹ fọwọ́ bojú. Wọ́n á rò pé ẹkún ni, wọ́n á fi yín sílẹ̀.”

Mo bi í pé, “Màámi ńkọ́? Kí ni mo máa sọ fún wọn?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀. “Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ ti kí Màámi sílẹ̀.”

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló lọ. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń wa máṣíìnì jẹ́jẹ́. Màmá ní, “Dúró.” Mo dúró, mi ò gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́. Wọ́n mú Màmá padà sí Ìjẹ̀bú kí a tó sin Mórẹ́nikẹ́, nítorí a kì í jẹ́ kí òbí wo ìsìnkú ọmọ. Àwọn èèyàn wá, mo dá wọn lóhùn bó ṣe kọ́ mi, mo fọwọ́ bojú nígbà tó yẹ. Omijé ò jáde. Ṣùgbọ́n ó dùn mí débi pé fún ìgbà pípẹ́ mi ò lè jẹ ohunkóhun àfi ẹ̀kọ, mi ò sì lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú aṣọ rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ó ṣì ń dùn mí báyìí tí mò ń kọ ọ́.

Mo tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Máṣíìnì oníke tí wọ́n ń kó wọlé wá ló mú mi jókòó nígbẹ̀yìn, torí bó bá bàjẹ́, òmíràn ni wọ́n ń rà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí, ẹ kọ́ ti ilé iṣẹ́ ńlá, àwọn yẹn ṣì ń tún tiwọn ṣe. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì dà bíi tèmi, kó wá bá mi nílé. Kò pọn dandan kó kí mi.

Ó ku ohun kan tí mo fò. Nígbà tí èrò ti túká lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti Ìjẹ̀bú. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan, bí Mórẹ́nikẹ́ ṣe wí. Mo pẹ́ nílẹ̀.

“O ò ní kí mi ni?”

Bí a bá yọ “Dúró” kan ṣoṣo yẹn kúrò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀ tààrà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bi mí léèrè ọ̀gá mi.

“Mórẹ́nikẹ́ ní mo ti kí yín sílẹ̀, mà.”

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, kó tó di ẹkún. “Òótọ́ ló sọ. Gbogbo àwọn tó kù, ìgbà tó lọ tán ni wọ́n tó kí mi. Bí kì í bá ṣe ẹnu ẹ yẹn, ìdí gaàrí ni ǹ bá wà, tí wọ́n á máa sọ fún mi pé kókó ni. Mo bá a gbé. Mo di irun ẹ̀.” Wọ́n fi etí ìró nu ojú. “O kú ìtọ́jú ọmọ mi.”

Mọ̀mí ò kọ́ mi ní èsì ìyẹn, Mórẹ́nikẹ́ náà ò kọ́ mi. Mo dìde, mo jókòó sídìí máṣíìnì Mórẹ́nikẹ́ tí mo ti gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á láìfi okùn sí i. Màmá fi orí ti ògiri, wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́.